Àwo Kékeré Tó Ń Rọra Yí

Oòrùn ìlú yìí kò lè jí bátìrì kankan. Ohun tí mo kọ́kọ́ rò nìyẹn ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé Peckham ní London, nígbà tí mo dúró lójú fèrèsé yàrá mi, tí mo rí i pé oòrùn ń tàn yòò, tí mo sì jáde láì wọ kóòtù. Òtútù gbá mi mú lẹ́nu ọ̀nà. Mo wo ojú ọ̀run, mo tún wo ara mi. Nílé, bí oòrùn bá tàn báyẹn, a ó ti kó bátìrì rédíò jáde, a ó ti tò wọ́n sórí páànù kí agbára tó kù nínú wọn lè ta jí. Oòrùn ti ibí kàn ń rẹ́rìn-ín sí èèyàn lásán ni. Mo padà wọlé lọ mú kóòtù.

Mo ti rò pé mo múra sílẹ̀ fún gbogbo ohun tó lè yà mí lẹ́nu. Wọ́n ti sọ fún mi nípa òtútù, wọ́n ti sọ nípa aládùúgbò tó lè gbé ẹ̀gbẹ́ èèyàn títí láì mọ orúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé Yorùbá ni èdè tí n ó kọ́kọ́ gbọ́ ní òpópónà Peckham. Obìnrin kan ń bá awakọ̀ bọ́ọ̀sì jà pé kò dúró de òun. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì tán lẹ́nu rẹ̀, ó fi èdè wa parí rẹ̀, gbogbo àwa tó wà ní ibùdókọ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, mo ní àárò ilé ò ní sọ mí. Àṣé èèyàn lè máa gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kó má sì sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Sydenham ni iṣẹ́ mi wà, ní ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbà. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóúnjẹ, mò ń tẹ́ ibùsùn wọn. Iṣẹ́ náà le, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ dá mi lágara. Wọ́n ní kí n máa pe obìnrin tó lè bí ìyá mi lórúkọ rẹ̀ gan-an, bí ẹni pé a jọ ṣeré nínú iyẹ̀pẹ̀. Ẹnu mi ò gbà á. Mummy àti Daddy ni mò ń pe gbogbo wọn, títí ọ̀gá mi fi jọ̀wọ́ mi jẹ́ẹ́. Mummy kan wà níbẹ̀ tí kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọrin lábẹ́lẹ̀ nígbà tí mò ń ya irun rẹ̀, á máa fi ìka kan lu apá àga. Ìṣẹ́gun kékeré ni mo ka ìyẹn sí, mo sì máa ń gbé e dání wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé.

Ọjọ́ Sunday ni mo máa ń pe Bọ̀dá mi ní Ìsẹ́yìn. Àwọn ló tọ́ mi dàgbà. Nígbà tí bàbá wa kú, wọ́n fi ilé ìwé sílẹ̀, wọ́n lọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìlagi, níbi tí ẹ̀rọ ti ń han mọ́ wọn létí láti ìgbà èwe wọn títí di àìpẹ́ yìí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé London, ìbéèrè ni wọ́n máa ń tò sílẹ̀ fún mi.

"Ṣé o jẹun? Kí lo jẹ? Ta ló sè é? Ṣé aṣọ tó wà lára ẹ nípọn?"

Mo máa ń kùn pé wọ́n ń ṣe mí bí ọmọdé. Nígbà tó yá, ìbéèrè náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Wọ́n á ròyìn òjò fún mi, wọ́n á ròyìn ewúrẹ́ tó jẹ aṣọ aládùúgbò, wọ́n á ṣàdúrà, wọ́n á sì gbé fóònù fún Ìyá Sèkí, ìyàwó wọn. Ó wá di pé wọn ò bi mí ní nǹkan kan mọ́ rárá. Mo rò ó títí, mo ní ó ní láti jẹ́ pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n.

"Adúmáradán," Ìyá Sèkí ní lọ́jọ́ kan. Orúkọ tó fi ń pè mí láti ìgbà tó ti wọlé wa nìyẹn, nítorí èmi ló bá nílé. "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Etí wọn ni. Wọn ò gbọ́ ohùn yín mọ́, wọn ò gbọ́ tèmi náà mọ́. Dókítà ní ariwo ẹ̀rọ ló bà á jẹ́, pé díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa tì. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí wọ́n fi sí i ní Ìbàdàn, wọ́n ní ó ń súfèé, wọ́n ti yọ ọ́ jù sínú àpótí. Ojú ló ń tì wọ́n. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ bi yín ní ohun tí wọn ò ní gbọ́ èsì rẹ̀?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pariwo. Inú pápá Peckham Rye ni mo máa ń lọ, kí n lè lọgun dáadáa láì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. "Bọ̀dá! Èmi ni o! Bọ̀dá!" Ohùn mi á ga, á ga sí i, títí tí yóò fi fẹ́ já. Àwọn ajá á dúró wò mí, àwọn tó ni wọ́n á sì rọra fà wọ́n lọ. Ní òdìkejì, Bọ̀dá mi á máa ròyìn ewúrẹ́ wọn lọ.

Nínú irú ìpè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti já ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ sílẹ̀ lójijì, tí wọ́n sì ní: "Orin wa yẹn, èyí tá a máa ń gbọ́ bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ìlú tó o wà yẹn ló ti wá. Bá mi wá a. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí etí yìí tó tì pátá."

Mo mọ orin tí wọ́n ń sọ. Láàárín àwọn ọdún náíńtíìsì, nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àgùnbánirọ̀ kan wá sí àdúgbò wa, ó mú kásẹ́ẹ̀tì kan dání tó kún fún orin tó ń lọ lọ́wọ́ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ìrọ̀lẹ́ kan péré ló fi yá Bọ̀dá mi. Wọ́n tọrọ rédíò aládùúgbò mọ́ tiwa. Wọ́n ra bátìrì tuntun sí èyí tó ń gba ohùn sílẹ̀, nítorí wọ́n ní òun ló nílò agbára. Èyí tó ń kọrin, bátìrì tá a ti sá sóòrùn láti àárọ̀ ni wọ́n kì sí i. Orin kan ṣoṣo ni wọ́n rí gbà sílẹ̀ kí bátìrì náà tó kú. Àgùnbánirọ̀ kó ẹrù rẹ̀ lọ, orin kan náà sì kù sọ́wọ́ wa.

Ọdún mélòó ni a fi gbọ́ ọ! Ọkùnrin kan ló ń kọ ọ́, ohùn rẹ̀ wúwo, ó ń fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ nílẹ̀, ìlù ń tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀ kan, lẹ́sẹ̀ kan, bí ẹni tó ti ń bọ̀ láti oko tí kò kánjú. A ò gbọ́ ohun tó ń wí. Bọ̀dá mi á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, eruku pákó á kún irun wọn, èmi á máa fi ìka yọ ọ́, àwọn á dijú. Bó bá ti dé ibì kan nínú orin náà, àwọn náà á gbè é lábẹ́lẹ̀. Ìgbà tí òjò ká òrùlé wa ni kásẹ́ẹ̀tì náà bàjẹ́.

Abẹ́ ojú irin nítòsí ibùdókọ̀ Peckham Rye ni ṣọ́ọ̀bù Colin wà. Àwo orin àtijọ́ ló ń tà. Òyìnbó onírun funfun ni, ará Sydenham, súẹ́tà kan náà ló sì ń wọ̀ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé tọ̀ ọ́, mo tẹ orúnkún díẹ̀ láti kí i, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Ó rò pé nǹkan mi kan ló bọ́ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bá mi wá a, àwa méjèèjì sì wà níbẹ̀ tí à ń wo abẹ́ tábìlì.

"Orin kan ni mò ń wá," ni mo sọ nígbà tí a dìde.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"N ò mọ̀."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Ọkùnrin kan ni. Ó ń kọrin bí ẹni pé inú omi ló ń rìn."

Mo kọ ọ́ fún un láì sí ọ̀rọ̀, ohùn lásán. Ó dijú, ó gbọ́ ọ tán, ó sì mi orí. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí mo ti fi ohùn kọ ọ́ títí sínú ohun tó ń dá orin mọ̀ lórí fóònù mi, fóònù náà ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Colin ní kí n padà wá lọ́sàn-án Saturday. Ó ní àwọn kan máa ń wá bá òun jiyàn lórí orin àwọn ọdún náíńtíìsì, pé bí àwọn yẹn ò bá mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé kò sí.

Báyìí ni mo ṣe bọ́ sínú àríyànjiyàn tí kì í parí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń jà lé lórí: àwo kékeré wo ló dára jù nínú gbogbo èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní ọdún náíńtíìsì? Òfin wọn ni pé ẹni tó bá fẹ́ gbè sẹ́yìn orin kan gbọ́dọ̀ mú àwo rẹ̀ wá, kí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ, kí gbogbo wọn gbọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Colin fẹ́ràn àwọn ọmọkùnrin onígìtá tí wọ́n ń kọrin bí ẹni tí wọ́n fi tipátipá jí lójú oorun. Trevor, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí àwọn òbí rẹ̀ ti Jamaica wá, ní bí orin ò bá ti lè gbé ẹsẹ̀ èèyàn nílẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni. Ẹ̀kẹta wọn ni Bọ́lá, ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ dàgbà ní North Peckham Estate. Orin ẹgbẹ́ ọmọbìnrin ni tirẹ̀, àwọn tó máa ń jó ijó kan náà lẹ́ẹ̀kan náà.

"Sis, listen," Bọ́lá sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Lórí balcony wa ni mo ti learn gbogbo steps yẹn. Wọ́n ti wó ilé náà, gone, kò sí mọ́. But steps yẹn ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi." Ó sì dìde, ó jó o láàárín àwọn àpótí àwo, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́rùn rẹ̀. Colin ní ijó kì í ṣe ẹ̀rí. Trevor ní ẹ̀rí wo ló tún ju ìyẹn lọ.

Mo kọ orin mi fún wọn. Wọ́n wo ara wọn.

"I swear down, mo know gbogbo orin nineties," Bọ́lá ní. "Kò sí ọkùnrin kankan tó ń kọrin báyẹn."

"Bóyá ṣe lo lá a," Trevor ní, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Síbẹ̀ mò ń lọ ní gbogbo Saturday. Colin wá àga kan fún mi, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ pé orin onígìtá rẹ̀ kan ń sunkún jù, pé ẹni tí wọ́n bọ́ yó ló ń sunkún báyẹn, Trevor fò sókè, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo gbàgbé pé Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń sọ.

Bí mo bá wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Sydenham, tí èémí èèyàn ti bo gíláàsì fèrèsé, tí àwọn ilé oníbíríkì ń kọjá lọ bákan náà, bákan náà, ọ̀rọ̀ Trevor á padà wá. Bóyá lóòótọ́ la lá a. Bóyá ọmọ òrukàn méjì kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà ní Ìsẹ́yìn, wọ́n fi ọkàn ara wọn dá orin kan, wọ́n sì fi í sọrí ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rù máa ń bà mí bí mo bá rò ó débẹ̀. Bí orin yẹn ò bá sí níbí, níbi tí a ní ó ti wá, a jẹ́ pé ibi tí èmi ti wá náà ń yọ́ lọ. Mo sì mọ̀ pé etí Bọ̀dá mi ò dúró dè mí.

Òjò ń rọ̀ ní Saturday tí mò ń sọ yìí, òpópónà Rye Lane ń dán bí àwo. Colin ti ń gbọ́ àwo ńlá kan kí a tó dé. Lórí ẹ̀rọ, àwo ńlá máa ń rọra yí. Àwo kékeré, èyí tí wọ́n ń gbé orin kan ṣoṣo sí lójú kan, gbọ́dọ̀ yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́tìnnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà tí wọ́n fi ń yí ìyára rẹ̀ padà. Òun ni Colin gbàgbé.

Trevor ló kàn. Ó yọ àwo kékeré kan jáde, orin obìnrin kan tí Trevor ní gbogbo ilé ijó London ló ń lò ó nígbà náà.

"Not this one, abeg," Bọ́lá ní. "Obìnrin yẹn kàn ń screech ni."

Colin gbé abẹ́rẹ́ lé e.

Ohùn tó jáde kì í ṣe ti obìnrin. Ọkùnrin kan ni, ohùn rẹ̀ wúwo, ó ń fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ nílẹ̀, ìlù ń tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀ kan, lẹ́sẹ̀ kan. Trevor bú sẹ́rìn-ín, Bọ́lá bú sẹ́rìn-ín. Colin bú ara rẹ̀, ó nawọ́ sí bọ́tìnnì.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, mo sì ti di ọwọ́ Colin mú. Òórùn eruku pákó gba gbogbo imú mi. Mo rí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, mo rí irun Bọ̀dá mi lábẹ́ ìka mi, mo rí oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó pọ́n lórí páànù. Mi ò mọ̀ pé mò ń sunkún àfìgbà tí Bọ́lá fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Sis? Kí ló happen?"

"Òun nìyí."

"Òun kẹ̀? But speed yẹn ò correct."

Nígbà tó parí, Colin tẹ bọ́tìnnì, ó gbé e síbẹ̀ bó ṣe yẹ. Obìnrin ni lóòótọ́, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó ń sáré bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ fún mi ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, n ò ní dá a mọ̀. Ìgbà náà ni mo rántí bátìrì tá a sá sóòrùn. Òun ò lágbára tó láti sáré, ó rọra fa obìnrin yẹn wálẹ̀ títí ó fi dọkùnrin, rédíò kejì sì gbà á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Wọn ò mọ̀ pé èèyàn ń sá bátìrì sóòrùn, mo tún ní láti ṣàlàyé ìyẹn.

"A jẹ́ pé orin mi ló borí," Trevor ní.

"Kì í ṣe orin tí wọ́n tẹ̀ jáde nìyẹn," Colin ní. "Àṣìṣe ni. A ò lè ka àṣìṣe."

"Àṣìṣe báwo?" Bọ́lá kọjú sí i. "Fún gbogbo ọdún yẹn, ní Ìsẹ́yìn, that was the song. Kò sí òmíràn. Ẹ jẹ́ ká call bọ̀dá wọn, kí wọ́n judge ẹ̀."

Mo pe Ìsẹ́yìn. Ìyá Sèkí ló gbé e. Mo ní kó gbé fóònù sí wọn létí, kó má sọ nǹkan kan. Colin bẹ̀ wá pé kí a kọ́kọ́ fi èyí tó tọ́ síbẹ̀, nítorí ti obìnrin tó kọ ọ́. A gbà fún un. Mo na fóònù sí ẹnu ẹ̀rọ.

Bọ̀dá mi gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀. "Kí ni wọ́n ń gún?" wọ́n ní. "Ṣé iyán ni wọ́n ń gún lọ́hùn-ún ni?"

Bọ́lá túmọ̀ rẹ̀, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Wọn ò gbọ́ obìnrin náà rárá, ìlù abẹ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbọ́. Mo ní, a ti pẹ́ jù. Mo ṣe àmì sí Colin, ó gbé abẹ́rẹ́ padà, ó sì tẹ bọ́tìnnì.

Ọkùnrin wa bẹ̀rẹ̀.

Òjò ń rọ̀ lórí ojú irin. Nígbà tí orin náà dé ibi tó máa ń dé, mo gbọ́ wọn: Bọ̀dá mi ń gbè é lábẹ́lẹ̀, ohùn wọn ti gbó, ṣùgbọ́n wọn ò ṣi ẹsẹ̀ kan. Trevor ṣí fìlà. Colin kò wo ẹnikẹ́ni, ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń wò.

"Òun nìyẹn," wọ́n ní nígbà tó tán. "Òun gan-an nìyẹn. Ọlọ́run á gbọ́ tìẹ náà. Wàá ṣe é re. Ọ̀nà ẹ á là…"

Àdúrà ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà, wọ́n á gbé fóònù fún Ìyá Sèkí, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn.

"Bọ̀dá!" mo lọgun. "Bọ̀dá, èmi ni!"

Àdúrà ń lọ. Wọn ò gbọ́ mi. Mo wo àwo náà tó ṣì ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó wá yé mi pé gbogbo ariwo tí mo ti ń pa ní Peckham Rye, òkè ló ń gbé ohùn mi lọ, ibi tí etí wọn ò dé mọ́, pé ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣì ń gbọ́. Mo mí sínú. Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀ títí ó fi kan ìsàlẹ̀ àyà mi, mo sì fa ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀ bí ọkùnrin inú àwo yẹn.

"Bọ̀dá. Èmi ni."

Àdúrà dúró.

Wọ́n pe oríkì mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. "Ṣé ìwọ ni?"

"Èmi ni, sà."

Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí.

"Ṣé o jẹun?" wọ́n ní. Wọ́n sì dúró kí n dáhùn.